Ewé kan ti sọnù nínú gásẹ́ẹ̀tì: ibo ni kí n tún wá a lọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi dé ibi ìkówèésí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gba apá kan oko bàbá wa àgbà ní 1961, lọ́yà wa sì ní àfi ká mú gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba) tí wọ́n fi kéde rẹ̀ wá.

Mo lọ síbì kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Màmá tó wà níbẹ̀ gbé ìdìpọ̀ ọdún náà jáde, ó fi àkísà nu eruku orí rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ojú ewé 412 wà. 415 ló tẹ̀ lé e! Ẹnìkan ti fi abẹ gé e kúrò, ó mọ́ tónítóní. (Onítọ̀hún náà á ní ẹjọ́ ilẹ̀ tirẹ̀, ó dá mi lójú.)

Òfin National Library ti 1970 ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa kó ẹ̀dà ìwé wọn síbẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa ti ṣáájú ìyẹn. Kenneth Dike Library wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, National Archives sì wà nínú ọgbà kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní òun lè wo British Library.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi fóònù yà á, àbí wọ́n á béèrè lẹ́tà? Ta ló sì ń fọwọ́ sí ẹ̀dà tí kóòtù máa gbà? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù.