Fíríìjì ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi so mí mọ́lẹ̀: kí lojú tiyín rí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá?

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta mínírà, omi àti bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé girama kan. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ mínírà ńlá kan, mi ò ní dárúkọ wọn, rán ọmọkùnrin kan wá bá mi. Ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ó ní àwọn fẹ́ gbé fíríìjì fún mi, ọ̀fẹ́ ni, àwọn á sì kun iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni mo tún ń wá? Okùn ni mo fi ń di ilẹ̀kùn fíríìjì tí mò ń lò nígbà náà. Mo tọwọ́ bọ̀wé.

Ó ń lọ dáadáa títí mínírà tuntun kan fi wọ ìgboro, ìgò rẹ̀ tóbi, owó rẹ̀ kéré. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ò béèrè òmíràn mọ́. Èmi náà ra páàkì díẹ̀, mo tò ó sí ìsàlẹ̀ fíríìjì. Ọmọkùnrin yẹn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ṣílẹ̀kùn, ó ya fọ́tò. Kò bá mi jà o. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ kó ìyẹn síta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀gá mi á ní kí n wá gbé fíríìjì." Mo ní ṣé kí n kó o sínú ike oníyìnyín, kí n gbé e sórí tábìlì? Ó ní tábìlì náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn kùn.

Ẹ gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ibi ìkójàsí wọn tí mo ti ń ra ọjà máa ń fún mi ní èènì páàkì kan lórí mẹ́wàá. Wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní orúkọ mi ti kúrò nínú ìwé. Ìyá tó wà lódìkejì títì, tí kì í ta ju ọjà tiwọn lọ, wá ń tà á ní iye tí èmi fi ń rà á. Mo bá kó mínírà tuntun lọ sílé, àwọn ọmọ mi mu ún tán.

Àwọn kan á ní fíríìjì wọn ni, bó bá ṣe wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe é. Ó dáa, inú fíríìjì jẹ́ tiwọn. Tábìlì ń kọ́? Ọwọ́ káfíńtà ni mo ti rà á, owó mi ni. Ẹ sì wo ọgbọ́n ibẹ̀: wọn ò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ọjà wọn lójú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ wọlé ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́, àwọn ọmọ tó ń wá èyí tó dínwó ló jìyà rẹ̀.

Lọ́yà Kékeré

Ẹ kú ọjà, mà. Òfin wà lórí ohun tí ẹ sọ yìí. Òfin tó dá àjọ FCCPC, tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Nàìjíríà, sílẹ̀ (2018 ni wọ́n kọ sí i lára, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú) kò ní kí ilé-iṣẹ́ má tóbi. Ohun tó kọ̀ ni kéèyàn fi títóbi rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíì. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún tó ṣáájú.

Ní oṣù kejìlá 2023, àjọ náà ní kí British American Tobacco san mílíọ̀nù 110 dọ́là. Lára ohun tí wọ́n ní àwọn rí ni pé wọ́n ń fìyà jẹ ọlọ́jà tó bá gba ọjà orogún láyè bíi tiwọn. Sìgá ni tibẹ̀, mínírà ni tiyín.

Àmọ́ 2020 ni ìwádìí yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Owó ìtanràn, àpò ìjọba ló lọ. Ẹni tí wọ́n gba èènì lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ́? Ibẹ̀ lèmi àti ọ̀gá mi ti máa ń jiyàn.

Bàbá Lanlọ́ọ̀dù

Ìyá Ìbejì, tiyín ṣì sàn. Àdúgbò tiwa dáwó ra tìráńsífọ́mà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́ ni ilé-iṣẹ́ iná ní ká tọwọ́ bọ̀wé pé a ti fi ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tó jó, àwa náà ni wọ́n ní ká dáwó tún un ṣe! Láti 2013 tí ìjọba ti pín iná fún ilé-iṣẹ́ 11, kálukú ló ní agbègbè tirẹ̀. Bó o bá bínú kúrò lọ́dọ̀ wọn, ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ lò ń lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Dallas

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ìdí káńtà ilé-ìtajà oúnjẹ kan ni mo wà níbí. Nígbà tí Kroger kéde ní oṣù kẹwàá 2022 pé òun fẹ́ fi bílíọ̀nù 24.6 dọ́là ra Albertsons, ilé-ìtajà oúnjẹ ńlá bíi tirẹ̀, owó ẹyin àti mílíìkì ni gbogbo ayé ń sọ. Àwa òṣìṣẹ́ ń ro tiwa. Bí wọ́n bá gé wákàtí iṣẹ́ rẹ kù níbì kan, wàá sọdá títì lọ sí èkejì. Tí méjèèjì bá wá di ọ̀kan, ibo lo fẹ́ sọdá sí? Àjọ FTC, tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Amẹ́ríkà, náà sọ ọ́ nínú ẹjọ́ tí wọ́n pè ní 2024, inú mi dùn tí mo gbọ́.

Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á ta ilé-ìtajà 579 fún C&S, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ mìíràn, kí ìdíje má baà kú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ti gbé California rí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Albertsons ra Safeway ní 2015, irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe: wọ́n ta ilé-ìtajà 146 fún Haggen, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí kò ní ju 18 lọ. Ọdún yẹn ò parí tí Haggen fi wọko gbèsè, Albertsons sì ra díẹ̀ nínú wọn padà!

Adájọ́ Adrienne Nelson ní Oregon dá ríra tí Kroger fẹ́ ra Albertsons dúró ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá 2024. Lọ́jọ́ kejì, Albertsons gbé Kroger lọ sílé ẹjọ́, ó ní kò sapá tó.