Wọn ò fún ọmọ mi ní nǹkan kan ṣe ní ìkórè àwọn ọmọdé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí láti Sọ́ńdè. Ọmọ mi ọkùnrin ò ríran, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀. Ìkórè àwọn ọmọdé ń bọ̀, wọ́n pín akọsórí, wọ́n pín dírámà, wọ́n pín orin, wọ́n dé ọ̀dọ̀ tèmi wọ́n fò ó kọjá. Èmi ni mo sì kọ́kọ́ san owó ańkárá o, ańkárá tí omi àkọ́kọ́ ti ṣí! Àdúrà nìkan ni wọ́n ń rántí ẹ̀ fún, wọ́n á pè é síwájú, gbogbo èèyàn á nawọ́ sí i, ọmọ á kàn dúró bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ṣé kí n kúrò nínú ìjọ yẹn ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kúrò jàre! Kẹ́hìndé mi ń kólòlò, wọn ò gbé máìkì fún un rí, àfi ìgbà tá a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní báyìí òun ló ń ka Bíbélì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ rọra. Mọ́mì, ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé kò ríran rárá ni àbí ó ń rí fìrífìrí? Kí ni dókítà sọ? Ẹ ò sọ ìkankan.

Bàbá Díákónì: Ẹ má dákẹ́ àdúrà. Ọlọ́run tó la ojú Bátíméù afọ́jú ò kú.

Tíṣà Sọ́ńdè Sukúù: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Nínú Máàkù 10, àwọn èrò ló ní kí Bátíméù panu mọ́. Jésù ní tiẹ̀ dúró, ó bi í pé kí ló fẹ́. Ta ló ti bi ọmọ yìí?

Ìyá Àkọ́bí: Ọdún 9. Gìlókómà ni, àìsàn ojú kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, kò rí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ohun tí mo bi yín.

Tíṣà Sọ́ńdè Sukúù: Mo ní irú ẹ̀ ní kíláàsì, mo tún ní àfín kan. Ti àfín, mo máa ń kọ ẹsẹ Bíbélì ní lẹ́tà ńláńlá, mi ò sì ń jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé torí ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú. Èyí tí kò ríran, etí ló fi ń kọ́ akọsórí, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á dárúkọ ara ẹ̀ ná. Lọ́jọ́ tí mo kọ́ wọn ní ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì, mo gbé búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ wá, gbogbo wọn fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ra Bíbélì Braille fún un, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ kà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyẹn kì í ṣe ìwé kan ṣoṣo o, odindi ẹ̀ lè kún àpótí ìwé. Àfi kó kọ́kọ́ mọ Braille ná. Pacelli, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ti ń kọ́ irú wọn láti 1962.

Ìyá Àkọ́bí: Ó mọ Braille. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn tí kò ríran ló ń gbé, ọlidé ló ń wálé. Kò sí ohun tí kò lè kà. Ó kàn jẹ́ pé ó ṣubú sí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún tó kọjá, mo wá sọ fún tíṣà wọn pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dìde lórí ìjókòó. Mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Háà! Ìyẹn lẹ wá fi sí ìsàlẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ ní kí tíṣà ṣe ló ń ṣe!

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ta ni kò bo gọ́tà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Gọ́tà kọ́ ló pín dírámà.

Tíṣà Sọ́ńdè Sukúù: Ẹ̀yin méjèèjì, ó tó. Mọ́mì, ẹ bá tíṣà yẹn sọ̀rọ̀ ṣáájú ìkórè, ẹ ní ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀. Kí wọ́n fi pákó bo gọ́tà. Kí ẹnì kan mú un rìn nínú gbọ̀ngàn nígbà tí kò sí èrò, kí ọmọ fúnra ẹ̀ di ìgúnpá onítọ̀hún mú, kí wọ́n má wọ́ ọ. Á mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà. Kí ló ní òun fẹ́ ṣe?

Ìyá Àkọ́bí: Ìlù. Látọjọ́ tó ti dé ló ti ń lu tábìlì mi. Wáyà iná ló sì kún ibi tí ìlù wà. Màá rí tíṣà lọ́jọ́ Wẹ́sìdé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Wáyà ṣeé ká kúrò nílẹ̀. Ẹ pe tíṣà lónìí, Mọ́mì, wọ́n ti ń ṣe rìhásà.