Iná ọba ń lọ, ọkà ń há sínú ẹ̀rọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó iná nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ àlìkámà n'Íbàdàn. Tí iná ọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ máa ń gbà á láàárín sẹ́kọ́ǹdì 15, àmọ́ PLC, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, á ti kú kó tó dé. Ọkà á wá dí ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ sókè pa. Ó tó wákàtí 2 ká tó fọwọ́ kó o tán. Lánàá, díẹ̀ ló kù kí ìka ọmọ iṣẹ́ mi kan há sí i. Àyà mi ṣì ń já.

Ọ̀gá wa ní ká ra jẹnẹrétọ̀ tó tóbi jù báyìí lọ. Lójú tèmi, sẹ́kọ́ǹdì 15 yẹn gan-an ni wàhálà. Mo fẹ́ fi UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró tí iná ọba bá lọ) sí PLC àti sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, kí PLC lè máa tan ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn wá síwájú: fáànù, asẹ́, ọlọ, kí ọkà tó wọlé. Ṣé UPS nìkan tó, àbí kí n fi táǹkì afẹ́fẹ́ kún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa tán kí iná tó dé? Eruku ìyẹ̀fun sì lè gbiná kó bú gbàmù: níbo lẹ gbé páńẹ́ẹ̀lì (àpótí iná) tiyín sí?