Olú ẹ̀dá ìtàn mẹ́sàn-án nínú géèmù RPG: ta ni kí n mú, ta ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. RPG Maker MV, ohun èlò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù RPG (géèmù ìtàn tí ènìyàn ti ń darí àwọn akọni, tí agbára wọn sì ń dàgbà), ni mo fi ń ṣe géèmù kan. Ìlú etí ọ̀sà tó jọ Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀: ọjà ẹja létí omi, àdúgbò méjì tí kì í fẹ́ gbà fún ara wọn, àti ìwin tó ń gòkè látinú omi lóru. Ẹ̀dá ìtàn mẹ́sàn-án ni mo ti kọ sílẹ̀: ọdẹ, atukọ̀, apẹja, oníṣègùn, alágbẹ̀dẹ, onílù, ìyá ẹlẹ́ja, ọmọ ọba, àti ọmọ kan tó jẹ́ àbíkú. Gbogbo wọn ló ní ìtàn tó dáa. Àmọ́ tí ìjà bá dé, bákan náà ni wọ́n rí: ẹni tó ń gbá géèmù á kàn máa tẹ "Kọlù" títí ọ̀tá á fi kú.

Mélòó ni kí n fi sílẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń pín agbára kí ìwúlò oníkálùkù lè hàn? Orúkọ wọn náà tún ń fún mi ní wàhálà, àmì ohùn ń ṣí kúrò lórí lẹ́tà. Èmi nìkan ni mò ń yàwòrán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kóòdù (Ìkòròdú)

Ẹ mú mẹ́rin. MV fúnra rẹ̀ kì í gbà ju ẹni mẹ́rin lọ sójú ìjà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn ni ẹni karùn-ún á dúró sí. Ẹ tún ka àwòrán tó ń dúró dè yín. Tó bá jẹ́ irú ìjà tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ti ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ọ̀tá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò àwòrán 12 fún ìrìn, 54 fún ìjà (òpó 9, ìlà 6), àti àwòrán ojú 1 ó kéré tán. 67 nìyẹn. Ẹni mẹ́sàn-án á gba 603, ẹni mẹ́rin á gba 268. Fún ẹni tó ń dá yàwòrán, ìyàtọ̀ yẹn ló máa sọ bóyá géèmù náà á parí.

Àwọn márùn-ún yòókù kò ṣòfò. Ìyá ẹlẹ́ja lè máa ta oúnjẹ àti oògùn, ọmọ ọba lè máa rán wọn níṣẹ́. Ará ìlú tí kì í jà, àwòrán 12 péré ló ń jẹ.

Láti mọ ẹni tí ẹ máa mú, ẹ kọ gbólóhùn méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ohun tí òun nìkan lè ṣe lójú ìjà, àti ohun tí kò lè ṣe rárá. Àwọn tí gbólóhùn wọn bá jọra, ẹ pa wọ́n pọ̀. Lójú tèmi, ẹnì kan náà ni apẹja àti atukọ̀: ó ń ju àwọ̀n kí ọ̀tá má lè ṣe nǹkan kan fún ìgbà méjì (ìyẹn ìyípo ìjà méjì), àjẹ̀ ọkọ̀ ló sì fi ń jà. Onílù àti oníṣègùn, ẹ mú ọ̀kan. Gbólóhùn kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an sì lẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ọdẹ tó lè wo ara rẹ̀ sàn kò ní nǹkan kan í fi oníṣègùn ṣe.

Ó wá ku iye. Ẹ fún gbogbo wọn ní àpapọ̀ kan náà ní ìpele 1, ká sọ pé 60, kí ẹ pín in sí ìkọlù, ààbò, àṣẹ (ìyẹn agbára ọfọ̀ àti idán) àti ìyára:

Ọdẹ: 22, 12, 8, 18.
Alágbẹ̀dẹ: 18, 24, 8, 10.
Atukọ̀: 14, 20, 8, 18.
Oníṣègùn: 8, 12, 26, 14.

Ìṣirò tí MV ní fún "Kọlù" tẹ́lẹ̀ ni pé kí a sọ ìkọlù ẹni tó ń gbá di ìlọ́po 4, kí a sì yọ ìlọ́po 2 ààbò ẹni tí wọ́n ń gbá kúrò nínú rẹ̀. Ẹ mú ìwin omi tó ní ẹ̀mí 130 àti ààbò 12. Ọdẹ á gba 64 lára rẹ̀, alágbẹ̀dẹ 48, atukọ̀ 32, oníṣègùn 8. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ máa gbá a kó tó kú, atukọ̀ á gbá a lẹ́ẹ̀marùn-ún, oníṣègùn á gbá a lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún. MV tún lè fi ohun tí kò ju ìdá 20 nínú 100 lọ kún iye yẹn tàbí kó yọ ọ́, nítorí náà ó lè yẹ̀ díẹ̀.

Títí dé ibí, "Kọlù" ṣì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọ̀tá lẹ máa fi tú ìdí rẹ̀. Ẹ ṣe alákàn ńlá kan, ẹ fún un ní ààbò 30, àmọ́ kí ààbò rẹ̀ sí idán jẹ́ 10 péré. Ọdẹ á gba 28, alágbẹ̀dẹ 12. Atukọ̀ kò ní gba nǹkan kan, torí 56 kò tó 60, MV kì í sì í jẹ́ kí iye náà wálẹ̀ ju òdo lọ. Oníṣègùn tó pe ọfọ̀, tí ẹ bá fi ìlànà kan náà ṣírò ọfọ̀ rẹ̀, á gba 84. Ẹni tó ń tẹ "Kọlù" ṣáá á rí i fúnra rẹ̀ pé èyí kì í ṣe ti ọdẹ. Tí gbogbo ọ̀tá yín bá jọra, kò sí bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn àwọn akọni yín tí wọn kò ní jọra.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìdàgbàsókè ìpele. Ká ní gbogbo ènìyàn ń gba iye kan náà kún agbára wọn. Ní ìpele 1, ìkọlù ọdẹ jẹ́ 22, ti oníṣègùn 8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Tí oníkálùkù bá ti gba 40 kún un, 62 àti 48 ló kù, ìyàtọ̀ ti ń parẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ìlọ́po ṣe é: kí gbogbo agbára di ìlọ́po 3 ní ìpele 20, kí ọdẹ di 66, kí oníṣègùn di 24.

Ní ti ìyára, MV máa ń fi iye tí kò dúró sójú kan kún un kó tó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe nǹkan: 0 sí 8 fún ẹni tó ní 18, 0 sí 7 fún ẹni tó ní 14, 0 sí 6 fún ẹni tó ní 10. Oníṣègùn lè ṣáájú ọdẹ nígbà mìíràn. Alágbẹ̀dẹ kò lè ṣáájú rẹ̀ láé, torí 16 ni òpin tirẹ̀, 18 sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ 3 nínú ààbò rẹ̀, kí ìyára rẹ̀ di 13.

Aláró Píkísẹ́lì (Ìkòròdú)

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti sọ ti ìṣirò. Ní ti àwòrán, ẹ kun àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dúdú látòkè délẹ̀, ẹ tò wọ́n sí ìlà kan ní ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ́ nínú géèmù, píkísẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 48 ní 48. Tí ẹ kò bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀, a jẹ́ pé aṣọ nìkan lẹ gbójú lé. Ohun tí ojú ń kọ́kọ́ rí ni orí, èjìká, àti ohun tó wà lọ́wọ́: fìlà abetí-ajá, gèlè, àjẹ̀, òòlù, àpò ọdẹ.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ọnà àdìrẹ ní píkísẹ́lì 48. Kò ní hàn, á kàn máa ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ẹ̀dá ìtàn bá ṣe ń rìn. Àwọ̀ ni kó sọ̀rọ̀: ẹtù tó dúdú bí aró fún ọdẹ, àlàárì pupa fún alágbẹ̀dẹ, sányán fún oníṣègùn. Àwòrán ojú, tó jẹ́ 144 ní 144, ló lè gba ọnà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dúdú ṣe òjìji awọ ara. Àwọ̀ mẹ́ta tó: àwọ̀ ilẹ̀ tó jinlẹ̀ tó sún mọ́ pupa fún òjìji, àwọ̀ ara gan-an, àti èyí tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ fún iwájú orí àti imú. Géèmù yín kún fún òru àti omi. Tí ẹ kò bá fi ìlà píkísẹ́lì 1 tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ yí ẹ̀dá ìtàn ká, ẹni tó ń gbá a lórí fóònù nínú oòrùn kò ní rí i rárá.

Àjẹ̀ atukọ̀ á ga ju orí rẹ̀ lọ. Ẹ má ké e. Ẹ fi àmì $ ṣíwájú orúkọ fáìlì, MV á kàn pín àwòrán náà sí òpó 3 àti ìlà 4, bó ti wù kó tóbi tó. Tí férémù (àwòrán kan ṣoṣo nínú fáìlì náà) bá jẹ́ 48 ní 72, odindi fáìlì á jẹ́ 144 ní 288. Ìlà àkọ́kọ́ ń wo iwájú, ìkejì òsì, ìkẹta ọ̀tún, ìkẹrin ẹ̀yìn. Ẹ̀ ń rí àwọn tó ń yí ìlà òsì padà bíi ti dígí láti rí ti ọ̀tún. Ó ń dín iṣẹ́ kù lóòótọ́, àmọ́ àjẹ̀ á máa fò látọwọ́ kan sí èkejì. Ẹ yà á fún atukọ̀ àti alágbẹ̀dẹ, kí ẹ yí ti àwọn méjì yòókù.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Àdúgbò méjì tí ẹ mẹ́nu kàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí ìṣúra ni. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ mọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́, àti bí Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, tí wọ́n fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ibùjókòó títí ó fi padà lọ́dún 1862. Ẹ má fi Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ sínú géèmù. Ẹ mú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni: kí atukọ̀ wá látọ̀dọ̀ àwọn tó wá bá ìlú, kí alágbẹ̀dẹ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Kí àwọn méjèèjì má lè jọ kọlu ọ̀tá pọ̀ títí ọ̀rọ̀ kan á fi parí láàárín wọn. Tí ẹni tó ń gbá géèmù bá wá rí "Kọlù pọ̀" lójijì nínú àpótí ìjà, á mọ̀ pé wọ́n ti rẹ́, láìjẹ́ pé ẹ kọ gbólóhùn kan.

Tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti fi Zangbeto, eégún àwọn Ògù (ẹ̀yà tó wà ní Àgbádárìgì níbí), sí i, ẹ jẹ́ kó máa ṣọ́ ìlú lóru gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó má jẹ́ ẹ̀dá ìtàn tí wọ́n ń darí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí i wò láti rí ènìyàn nínú rẹ̀. Orò àti Agẹmọ náà, ẹ má sọ wọ́n di ọ̀tá tí wọ́n ń pa fún owó ẹyọ. Ìwin omi tí ẹ dá sílẹ̀ fúnra yín ti tó. Bí ẹ̀dá ìtàn yín bá sì jẹ́ ọmọ Ògù, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ èdè náà. Ẹ má ṣe dá a bíi ti Yorùbá.

Ọmọ Etí Ọ̀sà (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti mú mẹ́rin: ọdẹ, atukọ̀ tó gba iṣẹ́ apẹja mọ́ tirẹ̀, alágbẹ̀dẹ, oníṣègùn. Àmọ́ ọmọ àbíkú yẹn wù mí gan-an, mi ò fẹ́ kó di ará ìlú lásán. Ṣé mo lè sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin? Mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń gbá géèmù fún un lórúkọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kóòdù (Ìkòròdú)

Ó ṣeé ṣe. Ẹ sọ oníṣègùn di àbíkú, kí iṣẹ́ àti ìbí rẹ̀ wà lára ẹnì kan. Tó bá kú lójú ìjà, kó padà lẹ́yìn ìgbà méjì pẹ̀lú ìdá 30 nínú 100 ẹ̀mí rẹ̀, láìsí oògùn. Kí ìpadàbọ̀ kọ̀ọ̀kan sì yọ 20 nínú 200 tó jẹ́ òpin ẹ̀mí rẹ̀, títí wọ́n á fi dé ilé. Láìsí owó-orí yẹn, wọ́n á máa pa á mọ̀ọ́mọ̀ nítorí ó yá ju sísan oògùn lọ. Ẹ tún ṣe ṣaworo ẹsẹ̀ ní ohun èlò: tó bá wọ̀ ọ́, 10 péré ni ìpadàbọ̀ á yọ, àmọ́ ìró rẹ̀ á mú kí ìwin máa yọ sí wọn léraléra. Ẹni tó ń gbá géèmù ló máa yan èyí tó wù ú.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ. Àtẹ lẹ́tà tó wà nínú MV kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Ẹ lo àpótí yíyàn, ó ń gba yíyàn 6. Fún oníṣègùn: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Fún ọdẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan bí wọ́n ṣe bí i, kí orúkọ àmútọ̀runwá bá agbára kan wá: Ìgè tó fi ẹsẹ̀ jáde kì í kùnà tó bá fẹ́ sá lójú ìjà; Àjàyí tó dojú bolẹ̀ kì í fara gbọgbẹ́ tí wọ́n bá yọ sí i látẹ̀yìn; Dàda ń rí ìdá 10 nínú 100 owó ẹyọ kún tirẹ̀; Òjó, tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn, kò sí ohun tó lè dì í mọ́lẹ̀. Tí ọdẹ bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni kí ẹ fi dípò Òjó.

Àmì Ohùn

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti àmì. Kì í ṣe fọ́ńtì (irú ìkọ lẹ́tà) nìkan ló fà á. Kọ̀ǹpútà ní kóòdù kan fún é àti à, àmọ́ kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni, àmì sì tẹ̀ lé e, ó di méjì. MV ń kọ ọ̀rọ̀ sójú àpótí lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí náà ó ń kọ ọ, ó ń sún síwájú, kó tó wá kọ àmì sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ kọ plugin (àfikún kóòdù) kékeré kan tó yí processNormalCharacter padà, ìyẹn apá MV tó ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: lẹ́yìn tó bá mú lẹ́tà kan, kó wo èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá wà láàárín U+0300 àti U+036F, ìyẹn kóòdù àwọn àmì tó ń so mọ́ lẹ́tà, kó so ó mọ́ lẹ́tà náà kó tó kọ ọ́. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra títí yóò fi kan lẹ́tà gidi.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fọ́ńtì Noto Sans sínú àpò fonts, kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò mplus-1m-regular.ttf nínú gamefont.css. Ìlà ọ̀rọ̀ MV ga ní 36, fọ́ńtì rẹ̀ sì jẹ́ 28. Orí àmì lórí lẹ́tà ńlá bíi Ọ̀ lè gé. Ẹ dín fọ́ńtì sí 26, tàbí kí ẹ gbé ìlà sí 40.

Ẹ ṣọ́ àyè orúkọ náà. Ọmọ́táyọ̀ jẹ́ lẹ́tà méje lójú ènìyàn, àmọ́ 9 ni kọ̀ǹpútà á kà. Tí ẹ bá ti fi òpin sí 8 níbikíbi nínú kóòdù yín, àmì orí ọ ìkẹyìn ló máa kọ́kọ́ sọnù. Ẹ fi "Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì" dán àpótí wò kí ẹ tó fi ìyókù sí i: tí ó bá jáde pé, àwọn yòókù á jáde.