Àdúrà kì í ṣe ìwúre

Ẹ̀yin ará, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a yọ “àdúrà” kúrò nínú ìwé ẹ̀sìn Kristẹni, kí a fi “ìwúre” rọ́pò rẹ̀, torí pé inú èdè Lárúbáwá la ti yá àdúrà. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ náà la ti rí àlùfáà, wòlíì, ìwàásù àti àlàáfíà, wọ́n sì wà nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tó jáde lódindi ní 1884. Ọ̀rọ̀ àyálò kọ́ ló ká mi lára. Ìtumọ̀ ni.

“Wí ire” ni ìwúre. Ẹni tó ń wúre ń fi ẹnu pe rere, ó fẹ́ kí àṣẹ bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun rere ni, èmi náà ń wúre fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Hánà inú 1 Sámúẹ́lì, tó ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ńkọ́? Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀, débi pé Élì àlùfáà rò pé ó ti mutí yó. Ta ló ń wúre láìjẹ́ kí ohùn jáde? Ẹ tún wo Jésù ní Gẹtisémánì: ó dojú bolẹ̀, ó tọrọ pé kí ago náà ré òun kọjá, ó sì gbà pé ìfẹ́ Baba ni kó ṣẹ, kì í ṣe tòun. Ago yẹn kò kọjá. Síbẹ̀, Kristẹni wo ló máa sọ pé àdúrà náà kò lágbára?

Bí a bá pè é ní ìwúre, ńṣe la ń gba agbára lọ́wọ́ Ẹni tó ń gbọ́, tí a ń gbé e sẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù èyí ń bà mí gidigidi, torí ọ̀pọ̀ ti gbà báyìí pé bí ariwo bá ṣe pọ̀ tó ni ìdáhùn máa yá tó. Jákọ́bù sọ pé àdúrà olódodo lágbára púpọ̀, àmọ́ kò dákẹ́ síbẹ̀: ó ní èèyàn bíi tiwa ni Èlíjà, wòlíì tó gbàdúrà tí òjò kò fi rọ̀. Agbára náà kì í ṣe ti ẹnu rẹ̀.

Ibi tí a ti nílò ọ̀rọ̀ tuntun ni 1 Tímótíù 2:1. Oríṣi àdúrà mẹ́rin ni Pọ́ọ̀lù kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ̀bẹ̀” la sábà máa ń lò fún ohun tí èèyàn tọrọ fún ara rẹ̀ àti fún èyí tó tọrọ fún ẹlòmíràn. Èmi dábàá “àgbàwí” fún ìkejì yìí. Bíbélì wa ti pe Jésù ní alágbàwí nínú 1 Jòhánù 2:1, nítorí náà kò ní ṣàjèjì létí ìjọ. Ó sì rọrùn láti fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe: “Ó ń gbàwí fún àwọn aláìsàn.” Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó mú tiẹ̀ wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.