Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì mí. Ohun tí mo béèrè ni ìdí tí ẹ̀kọ láfún (òun ni kì í jẹ́ kí aró mu ibi tí a bá yà) tí àwọn ọmọ àdúgbò wa l'Abẹ́òkúta fi ń ya àwòrán sára aṣọ ṣe ń ṣí dànù nínú aró, tí gbogbo aṣọ á wá dúdú kanlẹ̀. Ọmọ méjì sọkún lọ́jọ́ náà, ó dùn mí dọ́kàn.

Mo lọ bá àwọn ìyá ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ìyá aláró kan fi èékánná ha ẹ̀kọ orí aṣọ mi, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí ò tíì gbẹ." Ó tún bi mí bóyá mo fi álọ́ọ̀mù (kẹ́míkà funfun kan tó dà bí iyọ̀) sí láfún náà nígbà tí mò ń sè é. N kò fi sí i.

Ní Sátidé, a fi álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, a sẹ́ ẹ, a sì sá aṣọ títí ó fi le bíi páálí. Ẹ̀ẹ̀mẹta la rì í, tí à ń gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bó ṣe ń jáde, ó rí bíi ewé tútù, ó wá ń di búlúù lójú wa. Àwọn ọmọ pariwo! Nígbà tí a ha ẹ̀kọ kúrò, ìlà tí ọmọ ọdún 9 kan fi ìyẹ́ adìẹ fà yọ kedere. Ìyá rẹ̀ ní òun á fi rán bùbá fún un.

Mo pa ìbéèrè náà dé níbí. Àdìrẹ oníko, èyí tí a ń fi ìko so, ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.