Ìwọ̀fà kọ́ ni wọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìtumọ̀. Mo ti ka orí méjì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ìtàn Virginia ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Jamestown ní 1607 títí dé rògbòdìyàn tí Nathaniel Bacon dá sílẹ̀ ní 1676. Èdè yín dán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun: ẹ pe àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní indentured servant, ìyẹn àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé láti sìn fún iye ọdún kan, ní “ìwọ̀fà”, ẹ sì ní kí ẹni tó bá rí èyí tó sàn jù ú lọ mú un wá. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Mo mọ ohun tó gbé yín débẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ gbèsè, àwọn méjèèjì ń sin olówó, a kò sì ra èyíkéyìí nínú wọn lọ́jà ẹrú. Àmọ́ kí ni iṣẹ́ wọn ń san?

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ṣe ìwọ̀fà. Ìnáwó òkú ìyá rẹ̀ ló mú un yáwó, ó sì fi ara rẹ̀ dógò. Láàárọ̀, a máa lọ sóko olówó. Tí oòrùn bá kàtàrí, a máa lọ sí tirẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ló ń sùn. Bí wọ́n ṣe pa á nítàn fún wa, ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ebè fún ọkùnrin yẹn, owó tó yá kò sì dín kọ́bọ̀ kan. Èlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn àbúrò rẹ̀ dáwó jọ tí wọ́n kà á sílẹ̀ níwájú olówó ni ọrùn rẹ̀ bọ́. Iṣẹ́ ń lọ, ojú owó dúró síbi tó wà: ìwọ̀fà nìyẹn.

Ti Virginia kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ríṣẹ́ ṣe ní London tàbí Bristol kò ní owó ọkọ̀ òkun. Ẹlòmíràn san án, òun náà tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò sìn fún ọdún mẹ́rin, nígbà mìíràn ọdún méje. Iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń san gbèsè. Bí ọdún bá pé, gbèsè tán, olówó a sì fún un ní àgbàdo àti aṣọ kó tó máa lọ. Taba ló fà á. Láti nǹkan bí 1612 tí John Rolfe ti ń gbìn ín, ọwọ́ tí yóò máa ro oko kò tó. Láti 1618, ẹni tó bá san owó ọkọ̀ èèyàn kan máa ń gba ilẹ̀ éékà 50. Ẹ má sì rò pé ìgbé ayé wọn sàn ju ti ìwọ̀fà lọ. Olówó lè ta ọdún tó kù lórí wọn fún ẹlòmíràn. Obìnrin tó bá lóyún, wọ́n á fi kún ọdún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kú kí ọdún wọn tó pé.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni afiṣẹ́sangbèsè. Ẹnì kan ti dábàá “ọmọ-ọ̀dọ̀” ṣáájú, ṣùgbọ́n ìyẹn fúyẹ́ jù, ẹni tó ń gbálẹ̀ inú ilé ló ń mú wá sọ́kàn. Èmi náà ti ro “ẹni ìwé eléyín” wò, torí eyín ló wà nínú ọ̀rọ̀ indenture: orí ìwé kan ni wọ́n ń kọ àdéhùn sí lẹ́ẹ̀mejì, wọn a gé e ní wágunwàgun bí eyín ayùn, kí ìlàjì tọwọ́ olówó lè wọnú ìlàjì tọwọ́ ìránṣẹ́ bí ìjà bá dé. Ó wù mí gan-an, àmọ́ ta ni yóò gbọ́ ọ tí yóò mọ ohun tí à ń wí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni jù ni ti John Punch, ní 1640. Ìránṣẹ́ mẹ́ta sá kúrò lóko Hugh Gwyn, wọ́n sì mú wọn ní Maryland: Victor ọmọ Holland, James Gregory ọmọ Scotland, àti Punch tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n na ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹgba 30. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin kún ti àwọn méjì àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí Punch máa sìn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí a bá pè é ní ìwọ̀fà, òǹkàwé wa á máa retí ọjọ́ tí ẹbí yóò gbówó dé. Bí a bá pè é ní afiṣẹ́sangbèsè, ojú ẹsẹ̀ ló máa béèrè pé: gbèsè wo ni gbogbo ayé èèyàn ń san? Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ “ẹrú” ti wọlé, kó sì wọlé níbẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ yọ “ìwọ̀fà” kúrò lára àwọn ọmọ Áfíríkà 20 àti díẹ̀ tí ọkọ̀ White Lion gbé dé Point Comfort ní Virginia ní 1619. Inú ọkọ̀ Potogí tó ń bọ̀ láti Luanda ní Angola ni wọ́n ti jí wọn kó, oúnjẹ ni wọ́n fi pààrọ̀ wọn. Wọn kò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọn kò tọwọ́ bọ̀wé kankan. Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́. Nígbà tó fi máa di 1662, òfin ti sọ pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni, ẹni yòówù kí bàbá rẹ̀ jẹ́. A kì í bí ìwọ̀fà.

Lórí Bacon, ẹ kọ “ìjàǹgbara”. Ọ̀tẹ̀ ni mo fẹ́. Òótọ́ ni pé Bacon kọjú ìjà sí Gómìnà Berkeley tó sì dáná sun Jamestown, ṣùgbọ́n àwọn Pamunkey, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà náà ló lọ kọlù. Ẹni tó dábàá “ogun abẹ́lé”, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún ti Amẹ́ríkà ní 1861 sí 1865.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo lè gbà kí “ìjàǹgbara” dúró sí. Bacon ti kú, ọ̀tẹ̀ ti ń tú ká, síbẹ̀ nǹkan bí 80 aláwọ̀ dúdú àti 20 ìránṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti gbé ìbọn wọn sílẹ̀. Thomas Grantham tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ṣèlérí òmìnira fún wọn, ó sì dà wọ́n. Fún àwọn ọgọ́rùn-ún yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Afiṣẹ́sangbèsè gùn, mo mọ̀. Ẹni tó bá rí èyí tó kúrú jù ú lọ tí kò sì pa “san gbèsè” inú rẹ̀ rẹ́, kó fi ránṣẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tó parí orí kẹta.